Ọyẹ́ dé: Ẹ má gbé ìkòkò èédú ti òròmọdìyẹ nínú yàrá

Ètè ti ń bó, àwọn ọmọ ò fẹ́ wẹ̀ láàárọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìpara kọ́ la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ adìyẹ ẹ̀yìnkùlé ni, nítorí ohun tí ojú mi rí nílé ìwòsàn nígbà ọyẹ́ kan.

Ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n gbé ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì wá. Orí ń fọ́ màmá, ó sì ń bì. Ọmọ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ń rìn bí ẹni tó mu ẹmu yó. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò jí dáadáa. Bí a bá pè é, á lajú, á tún pa á dé. Èmi fúnra mi kọ́kọ́ rò pé ibà ni, tàbí oúnjẹ tí wọ́n jọ jẹ lálẹ́. Àfi ìgbà tí màmá ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ n tètè padà sílé o, mi ò tíì wo àwọn òròmọdìyẹ mi."

Mo ní, "Màmá, níbo lẹ kó wọn sí?" Ó ní inú yàrá ni, ogún ni wọ́n, inú páálí ni wọ́n wà, òun sì gbé ìkòkò èédú tì wọ́n kí òtútù má bàa pa wọ́n. Fèrèsé ńkọ́? Ó ní òun ti tì í pa, òun tún fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn nítorí ọyẹ́.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé wa. Èédú tó ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú bí èéfín igi. Òun ló ń gba ipò afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ máa gbé kiri ara, ẹni tó bá sì ti sùn lè má jí mọ́. A fún wọn ní ọ́síjìn, Ọlọ́run bá wa ṣe é, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sílé. Nínú ogún òròmọdìyẹ, kò sí ẹyọ kan tó yè.

Ẹ jọ̀ọ́, tí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí iná èédú sì wà nínú ilé, ẹ má dúró se àgbo. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ gbé gbogbo wọn síta, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Adìyẹ tó ti dàgbà kò tilẹ̀ nílò iná. Ara rẹ̀ gbóná ju tiwa lọ: nǹkan bí ìwọ̀n 41 ni tirẹ̀, 37 ni tiwa. Bí òtútù bá mú un, á ru ìyẹ́ rẹ̀ sókè, ó ti bora nìyẹn. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lù ú tààrà àti ilẹ̀ tó rin ló ń pa á lára. Ẹ fi àpò ìrẹsì bo ẹ̀gbẹ́ ilé adìyẹ tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ṣùgbọ́n ẹ fi òkè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa jáde. Bí òórùn ìgbẹ́ wọn bá ń ta yín nímú láàárọ̀, ẹ ti dí i jù. Ẹ da sọ́dọ́ọ̀sì gbígbẹ sílẹ̀, kí ẹ kó o dànù tó bá ti rin. (Ẹ̀yin tí ẹ ní àsímà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé bá yín gbá a, eruku ọyẹ́ nìkan ti tó yín.) Ẹ máa pààrọ̀ omi wọn láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, nítorí ọyẹ́ ń gbẹ wọ́n lọ́fun bó ṣe ń gbẹ wá.

Òròmọdìyẹ tí kò ní ìyá ló nílò ooru, ìwọ̀n 32 sí 35 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ẹ máa dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ wọn yóò fi hù. Ẹ máa wò wọ́n: bí wọ́n bá ń gun ara wọn tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn, bí wọ́n bá sá fún iná tí wọ́n lanu, ooru ti pọ̀ jù. Gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná dára, bí iná bá wà. Bí kò bá sí, ẹ lo lántà níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sùn, tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Àgbébọ̀ tó ń kọ́mọ lẹ́yìn kì í béèrè kẹrosíìn ní tirẹ̀ o.

Ẹ má sì di gbogbo ikú adìyẹ ru òtútù. Ìgbà ọyẹ́ ni lùkúlùkú máa ń jà jù: adìyẹ á máa sín, ìgbẹ́ rẹ̀ á dà bí ewé, ọrùn á lọ́. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Àjẹsára tí wọ́n ń kán sí wọn lójú tàbí tí wọ́n ń pò mọ́ omi ló ń dènà rẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé ni kí ẹ ti rí dókítà ẹran. Nígbà ọyẹ́ náà ni àrùn ọ̀fìnkìn adìyẹ kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà lọ́dún 2006, ó sì pa obìnrin kan l'Ékòó ní oṣù kìíní ọdún 2007. Nítorí náà, adìyẹ tó ṣàdédé kú kì í ṣe ti ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ fi náílọ̀nù bọwọ́ gbé e, ẹ sin ín jìn, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

Màmá yẹn tún ra ogún míì lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ilé ìdáná ìta ló kó wọn sí, pẹ̀lú lántà. Nígbà tí mo bi í léèrè wọn, ó ní mẹ́tàdínlógún ló kù, pé àṣá ló gbé mẹ́ta.