Èlé Kékeré, Gbèsè Ńlá: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Ká Tó Yáwó Ra Mọ́tò

Ní ìparí ọdún 2024, bọ̀dá mi fẹ́ ra Corolla tòkunbọ̀ tí wọn yóò máa fi kérò. Owó ọwọ́ wọn kò pé. Ó ku mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Wọ́n lọ bá ayánilówó méjì, wọ́n sì gba ìwé wálé lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ìwé kìíní ní èlé 2% lóṣù, ìwé kejì ní 3%. Oṣù 24 ni wọ́n máa fi san èyíkéyìí tán. Bọ̀dá ti mú bírò láti fọwọ́ sí ìwé 2%.

Èmi náà rò pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n torí pé èmi ni mo wà ní yunifásítì, wọ́n ní kí n bá wọn ka ìwé náà. Ìgbà tí a fi ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù ṣe é tán la rí i pé ìwé 2% ló wọ́n jù. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe jẹ́.

Orí èló ni èlé dúró lé?

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ tí àwọn ayánilówó fi ń ṣírò èlé.

Èkíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní flat rate. Orí gbogbo owó tí ẹ yá lọ́jọ́ kìíní ni èlé dúró lé títí dé oṣù tó kẹ́yìn. 2% nínú ₦3,000,000 jẹ́ ₦60,000. Ní oṣù 24, èlé di ₦1,440,000. Gbogbo owó tí wọn yóò san jẹ́ ₦4,440,000, ìyẹn ₦185,000 lóṣooṣù. Ẹ wò ó: ní oṣù kẹtàlélógún, gbèsè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, síbẹ̀ èlé orí mílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n ṣì ń san.

Èkejì ni reducing balance. Orí gbèsè tó kù nìkan ni èlé dúró lé. Ní oṣù kìíní, 3% nínú ₦3,000,000 jẹ́ ₦90,000. Bí ẹ bá san nǹkan bí ₦177,150, ₦90,000 jẹ́ èlé, ìyókù á dín gbèsè kù. Ní oṣù kejì, èlé á wálẹ̀ sí nǹkan bí ₦87,400. Báyìí ni yóò máa dín kù, tí èlé oṣù tó kẹ́yìn kò ní ju nǹkan bí ₦5,200 lọ. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦4,251,400.

Ìwé 3% fi nǹkan bí ₦188,600 dín sí ìwé 2%. Owó yẹn ju odindi owó oṣù kan lọ. Àní, bí a bá ṣírò 2% flat rate yẹn ní ọ̀nà kejì, nǹkan bí 3.4% lóṣù ni. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ohun kan ì bá ti ta wá lólobó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé 27.5% lọ́dún. 2% lóṣù jẹ́ 24% lọ́dún. Ayánilówó wo ni yóò yá wa lówó ní iye tó kéré sí ìyẹn láìsí ohun tó fi pamọ́?

Ẹ má jẹ́ kí owó oṣooṣù tàn yín jẹ

Àwọn mìíràn á ní kí ẹ fi ọdún mẹ́ta san án kó lè rọ̀ yín lọ́rùn. Bí a bá fi oṣù 36 san gbèsè 3% yẹn, owó oṣooṣù á fi nǹkan bí ₦40,000 dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n èlé á fi nǹkan bí ₦695,000 lé sí i.

Ẹ tún wo owó fọ́ọ̀mù, owó ìṣètò àti owó ìbánigbófò. Bí wọ́n bá yọ ₦60,000 kí wọ́n tó kó owó fún yín, ₦2,940,000 ló dé ọwọ́ yín, ṣùgbọ́n orí mílíọ̀nù mẹ́ta lẹ ó ti san èlé.

Ìbéèrè mẹ́rin kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

1. Ṣé flat rate ni àbí reducing balance?
2. Èló ló máa dé ọwọ́ mi gan-an?
3. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èló ni gbogbo ohun tí màá san?
4. Bí mo bá rówó san án tán ṣáájú àkókò, ṣé èlé tó kù á kúrò níbẹ̀?

Ẹ béèrè rẹ̀ níbi mẹ́ta, ó kéré tán. Bí ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò bá wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ níbi iṣẹ́, ibẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ béèrè. Èlé wọn sábà máa ń rọjú. Ìdáhùn ìbéèrè kẹta ni kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra, kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè ìwé.

Ìwé kejì ni bọ̀dá fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì ní owó mọ́tò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ẹnì kan nílé á gbé irú ìwé yìí wá bá akẹ́kọ̀ọ́ ilé pé kó bá òun kà á. Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí a ó wò.