Ẹ̀rọ Téèpù fún Kọ̀ǹpútà Àtijọ́: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bóyá kọ̀ǹpútà kan wà nílé yín láti nǹkan bí ọdún 2000, tí ìṣirò òwò, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti àwòrán ẹbí wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí disk inú rẹ̀ bá dákẹ́, gbogbo rẹ̀ lè lọ pátápátá. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ọ̀nà kan láti tọ́jú ẹ̀dà àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ẹ̀rọ téèpù. Tòkúnbọ̀ ni ẹ ó rí rà, nítorí wọn kò ṣe irú èyí tó bá kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ mu mọ́. Ẹ jẹ́ kí a yẹ nǹkan mẹ́rin wò.

Èkíní ni ibi tí okùn rẹ̀ yóò ti wọ kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹ̀rọ Travan kan ń lo ihò tí a ń ki okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bọ̀. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DDS ń fẹ́ káàdì SCSI, èyí tí kì í sábà sí nínú kọ̀ǹpútà ilé. Ẹ ro owó káàdì àti okùn mọ́ ọn kí ẹ tó pè é ní ọ̀pọ̀.

Èkejì ni iye tí kásẹ́ẹ̀tì ń gbà. Wọ́n ń kọ 8GB sára Travan TR-4, ṣùgbọ́n 4GB ló ń gbà ní tòótọ́. Wọ́n ń kọ 24GB sára DDS-3, 12GB sì ni. Ìlọ́po méjì yẹn dá lórí ìrètí pé a ó fún àkọsílẹ̀ pọ̀ di ìdajì. Àwòrán àti orin sábà ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà iye kékeré ni kí ẹ fi ṣírò.

Ẹ̀kẹta ni kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní kásẹ́ẹ̀tì, ìbọn tí kò ní ọta ni. Ẹ ra mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ máa lò wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan sì máa wà ní ilé mìíràn. Ẹ wo rọ́bà tó ń yí téèpù pẹ̀lú. Nínú ẹ̀rọ kékeré àtijọ́, ó máa ń yọ́, a sì máa lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ètò tí yóò darí rẹ̀. Ètò Backup inú Windows XP mọ téèpù lò. Èyí tó wà nínú Windows Vista, tó dé ọjà ní 2007, kò mọ̀ ọ́n lò mọ́.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kọ fáìlì kan sórí téèpù lójú yín, kí ó pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kí ó sì dá a padà láti orí téèpù. Bí ó bá ní kò sí àyè, ẹ máa bá tiyín lọ. Téèpù tí a kò tíì dá nǹkan padà láti orí rẹ̀ rí kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Bí ìnáwó yìí bá pọ̀ jù, tí kọ̀ǹpútà yín sì ní ihò USB, ẹ ra disk tí a ń so mọ́ ọn láti ìta. Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ má jẹ́ kí oṣù yìí parí kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́.