Kí Ló Ń Pa Wá Lẹ́rìn-ín?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni a gbé kalẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n a kò pè yín wá wo aláwàdà.

Bí a bá bi ènìyàn léèrè ohun tí ń pani lẹ́rìn-ín, àwàdà ni yóò fi dáhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Provine ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò fi èyí ṣe àfọkànrò lásán. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde sí ìta gbangba, wọ́n ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn, wọ́n sì kọ ẹ̀rín 1,200 sílẹ̀. Ní 1996, ó ṣàlàyé pé nínú ẹ̀rín 100, kò ju 20 lọ tó tẹ̀lé ohun tó jọ àwàdà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an ló tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ju ẹni tó ń gbọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin níhìn-ín. Ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ sí i." Ìyá náà ní, "Ibo ni kí n sún sí, ọmọ mi?" Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ kọ gbólóhùn méjèèjì sínú ìwé, kí ẹ kà á nílé lọ́la. Kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Àjèjì ni wọ́n sí ara wọn, wọn yóò sì fara kan ara wọn dé Ọ̀fà. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ pé ìjà kò sí.

Ara pẹ̀lú ń jẹ nínú àǹfààní náà. Ní 2011, Robin Dunbar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun èlò tí a fi ń wọn ìfúnpá fún àwọn kan lápá títí wọ́n fi ní ó tó. Wọ́n fi eré apanilẹ́rìn-ín hàn wọ́n, wọ́n sì tún fún apá náà. Àwọn tó rẹ́rìn-ín fara da ìrora ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ilẹ̀ Finland, ní 2017, àyẹ̀wò ọpọlọ ọkùnrin 12 fi hàn pé bí wọ́n bá bá ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín, ọpọlọ a máa tú èròjà apàrora tirẹ̀ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sá fún ilé ìwòsàn o! Norman Cousins, tó kọ̀wé ní 1976 pé ẹ̀rín ìṣẹ́jú 10 ń fún òun ní oorun wákàtí 2 láìsí ìrora, ẹnì kan ṣoṣo ni, ó sì ń gba fítámì C pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń na ọmọ tó rẹ́rìn-ín nígbà tí a ń bá a wí, wọ́n ní àfojúdi ni. Ẹ gbọ́ ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Kashasha, ní Tanganyika, tí í ṣe Tanzania òde òní. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 1962, ọmọ 3 bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn, wọn kò sì lè dá a dúró. Ó ran ọmọ 95 nínú 159. Kò mú olùkọ́ kankan. Àwọn dókítà kò rí májèlé, wọn kò rí kòkòrò àrùn. Ìdààmú ọkàn ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ náà ní oṣù Kẹta. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù Karùn-ún, ẹ̀rín náà tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún tì í ní ìparí oṣù Kẹfà.