Olùkọ́ Faransé Láti Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Àgbádárìgì láti Àjàṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dé ìlú àjèjì: Ègùn tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún náà ni wọ́n ń sọ níbí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ olùkọ́ Faransé tó ń wá iṣẹ́, ohun kan máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Àdéhùn ECOWAS ọdún 1979 fún un ní 90 ọjọ́ láìgba físà. Ti ìwọlé nìyẹn. Ẹ̀tọ́ láti jókòó kó sì ṣiṣẹ́, inú àdéhùn ọdún 1986 ló wà, káàdì ìgbélùú ni wọ́n fi ń gbà á.

Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ńkọ́? Licence ni wọ́n ń pe dìgírì àkọ́kọ́ ní Olómìnira Benin. Ẹ ró o wò: ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yẹn bí Gẹ̀ẹ́sì á rò pé ti ọkọ̀ wíwà ni! Nítorí náà, kó ṣe ìtumọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì kó tó gbé e dé iléèwé kankan. Òfin tún ní kí olùkọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń ka Faransé ń wá sí Abúlé Èdè Faransé ní Àjárá láti kọ́ èdè yìí, ẹni tó fi í kàwé láti kékeré sì lè wà ládùúgbò láìríṣẹ́. Ní tèmi, káàdì ni kó kọ́kọ́ wá, kí 90 ọjọ́ tó pé. Ti TRCN lè tẹ̀lé e.