Kí Ẹ Tó Fún Ayálégbé Ní Kọ́kọ́rọ́

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, láti ìgbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ti dá ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe sílẹ̀ ní Ìlaròó ní ọdún 1979, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Yewa ni ó ń fi yàrá háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́. Owó ilé yìí ni àwọn mìíràn nínú yín fi ń san owó ilé ìwé ọmọ. Bí ayálégbé kò bá san án, ọmọ ni ìyà náà ń jẹ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ń pè mí ní "Mọ́mì", a sì fún un ní yàrá láìkọ ìwé kankan. Ó san owó ọdún kan, ó sì gbé ọdún méjì. Nígbà tí mo béèrè owó, ó ní ọkọ mi ti sọ pé kí òun fi tún òrùlé ṣe. Kò sí ìwé tí mo lè fi já a nírọ̀ọ́. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, kí ẹ tó fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́, ẹ béèrè ibi tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀ àti ohun tí ó lé e kúrò níbẹ̀. Ẹ rí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gba oníduro tí ẹ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú. Kí ìwé àdéhùn jẹ́ méjì: iye owó, ọjọ́ sísan, iye ènìyàn tí yóò gbé yàrá, ẹni tí yóò san owó iná àti ẹni tí yóò tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Ẹ máa fún un ní rísíìtì nígbàkúùgbà tí ó bá san.

Bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi pẹ̀lẹ́ bi í léèrè. Ẹ má ṣe ṣí páànù, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrù rẹ̀, ẹ má ṣe gbé jàǹdùkú wá. Ẹni tí ó jẹ yín lówó lè tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ń pè yín lẹ́jọ́. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù 1 ni a ń fún ẹni tí ń san owó lóṣooṣù láti kó jáde, oṣù 6 sì ni ti ẹni tí ń san lọ́dọọdún. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọjọ́ 7, tí ó sọ pé onílé ń lọ sí kóòtù. Kóòtù nìkan ni ó lè lé e jáde. Ẹ jẹ́ kí lọ́ọ́yà bá yín kọ àwọn ìwé náà, nítorí àṣìṣe kékeré lè dá yín padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni àwa náà tọ̀. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà jáde láìsí ìjà. Láti ìgbà náà, inú àpótí tí ìwé ìbí àwọn ọmọ mi wà ni mo ń tọ́jú ìwé àdéhùn ilé sí.