Oògùn Inú Ilé Ìtọ́jú Yín, Ẹ Má Jẹ́ Kó Di Gbèsè

Ẹni tó bá ní ilé ìtọ́jú kékeré tí àwọn èèyàn ń pè ní nọ́ọ̀sìn hóòmù, yálà ní Alágbàká tàbí níbòmíì nínú ìlú Àkúrẹ́, mọ̀ pé owó ńlá ló ń bá oògùn lọ. Àmọ́ oògùn lè bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tó pé. Ooru, oòrùn àti ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́, ojú lásán kì í sì í sábà rí i.

Ẹ jẹ́ ká mú abẹ́rẹ́ oxytocin, tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Lọ́dún 2019, àjọ WHO, UNICEF àti UNFPA pawọ́ pọ̀ kéde pé inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 dìgírì ni kó máa wà. Bó bá pẹ́ lórí tábìlì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, agbára rẹ̀ á máa dín kù, bẹ́ẹ̀ omi inú rẹ̀ á ṣì mọ́ gaara. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára ìyá ìkókó ni àṣírí á tú. Ẹ̀mí lè bá a lọ, orúkọ ilé ìtọ́jú náà á sì bàjẹ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Èkíní, ẹ ya fìríìjì oògùn sọ́tọ̀, kí ọbẹ̀ àti mínírà má wọ ibẹ̀. Ẹ fi tẹmomíta sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ máa kọ ohun tó bá fi hàn sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má to oògùn sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó dì. Bí iná bá lọ, ẹ má máa ṣí i. Àwọn ike omi tútù tẹ́ ẹ bá tò sísàlẹ̀ á bá a di òtútù mú fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀.

Èkejì, oògùn tí kò nílò fìríìjì, ẹ tò ó sórí pẹpẹ, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ni kó wà níwájú. Àwọn bíi diazepam, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ kó wọn sí, kẹ́ ẹ sì máa kọ iye tẹ́ ẹ lò sínú ìwé.

Ẹ̀kẹta, ẹ má da oògùn oníhóró sínú ike tí kò lórúkọ. Bẹ́ ẹ bá ń bù ú sínú ọ̀rá kékeré fún aláìsàn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ oògùn náà àti agbára rẹ̀, iye ìgbà tí yóò lò ó lójúmọ́, àti ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́. Ẹ má tètè ju páálí nù, nítorí nọ́ńbà ìdì oògùn wà lára rẹ̀. Lọ́dún 2008, nígbà tí oògùn eyín My Pikin pa àwọn ọmọ tó lé ní 80, NAFDAC ní kí wọ́n kó o kúrò lórí igbá. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lẹ máa fi mọ̀ bóyá èyí tí wọ́n ń wá wà lọ́dọ̀ yín.

Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà, kẹ́ ẹ bi ọ́fíìsì NAFDAC ní Àkúrẹ́ bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ nù. Owó tẹmomíta àti ìwé àkọsílẹ̀ kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí èèyàn kan ṣoṣo.