Nígbà tí Iṣan bá Kọ Iṣẹ́

Bí ẹ bá dé ọjà ńlá ní òwúrọ̀, ẹ óò rí àwọn alábàárù. Wọ́n ń ja àgbàdo, gààrí, tòmátò àti iṣu kúrò nínú ọkọ̀. Ní àyíká èbúté ńlá Kútọnu, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1965, àwọn mìíràn ń ru àpò ìrẹsì àti àpò sìmẹ́ńtì. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ abúlé. Bí ìkórè bá ti parí, wọn a lọ wá owó díẹ̀ ní ìlú. Bí òjò bá dé, wọn a padà sí oko.

Gbogbo ẹni tí ń fi agbára jẹun ló mọ ìgbà kan tí apá kì í gbéra mọ́. Ọkàn fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n ara kọ̀. Kí ló dé tí ara fi ń kọ̀? Ṣé ó dára kí a máa ṣiṣẹ́ títí dé ibẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Iṣan dà bí ẹgbẹ́ àáró

Iṣan ni ẹran ara tí ó ń jẹ́ kí apá, itan àti ẹ̀yìn ṣiṣẹ́. Inú iṣan kan kún fún fọ́nrán wẹ́wẹ́, bí òwú tí a ran pọ̀ di okùn.

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe àáró. Bí iṣẹ́ bá kéré, ènìyàn díẹ̀ ni a ń pè. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, a ó pe gbogbo ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ń ṣe. Bí ẹ bá gbé igbá omi, fọ́nrán díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ìyókù ń sinmi. Bí ẹ bá gbé àpò sìmẹ́ńtì, púpọ̀ ni yóò dìde. Bí ẹ bá ń gbé e léraléra, àwọn tí ó kọ́kọ́ dìde yóò rẹ̀. Ara yóò wá pe àwọn tí ó kù. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti rẹ̀ tán, kò sí ẹni tí a lè pè mọ́. Nígbà náà ni iṣan kọ iṣẹ́.

Èyí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara ni ó ń dáàbò bo ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń gbé irin

Ní àwọn ìlú ńlá, àwọn kan wà tí ń gbé irin wúwo láti lè lágbára. Àwọn kan nínú wọn a máa gbé e títí apá yóò fi kọ̀. Wọ́n ní ìgbà yẹn ni gbogbo fọ́nrán ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn oníwádìí ti rí i pé ẹni tí ó bá dúró nígbà tí ó kù díẹ̀ kí apá kọ̀ ń lágbára tó ẹni tí ó ṣe é títí apá fi kọ̀, tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Àárẹ̀ ẹni tí ó dúró sì kéré púpọ̀.

Ní ọdún 1945, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Thomas DeLorme, kọ̀wé nípa bí ó ti ń fi irin gbígbé wo àwọn ọmọ ogun tí ẹsẹ̀ wọn ti di aláìlágbára. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé irin náà ní ìgbà 70 sí 100 lójúmọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1948, òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Arthur Watkins, dín in kù sí ìgbà 30. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìdajì ẹrù, ìkejì jẹ́ ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin, ìkẹta ni ẹrù náà gan-an. Ìyẹn tó.

Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ náà ní ìtàn kan. Wọ́n ní akọni kan tí ń jẹ́ Milo gbé ọmọ màlúù kan lójoojúmọ́ láti kékeré rẹ̀. Bí màlúù ṣe ń dàgbà ni agbára Milo ń pọ̀ sí i, títí ó fi lè gbé odindi akọ màlúù. Ìtàn ni o, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni agbára ń wá.

Ẹ̀yin kì í ṣe ẹgbẹ́ agbérin

Bí apá agbérin bá kọ̀, ó lè ju irin sílẹ̀. Ẹnìkan máa ń dúró tì í láti ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, yóò fi iṣan náà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nínú ìsinmi yìí ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí ó sì ń nípọn sí i.

Alábàárù kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ni ẹrù wà, ẹsẹ̀ sì lè wà lórí pákó tí ń yọ̀. Bí orúnkún bá kọ̀, ẹrù lè ṣẹ́ ọrùn tàbí ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kejì, yóò tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣan kò ráyè tún ara rẹ̀ ṣe.

Ní ọdún 1967, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gba àwọn orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn pé ẹrù tí àgbà ọkùnrin kan yóò gbé kò gbọdọ̀ ju 55 kílò lọ. Ti obìnrin àti ti ọ̀dọ́ gbọdọ̀ kéré sí i gan-an. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kílò. Àpò àgbàdo ńlá lè tó 100 kílò. Ẹ rí i pé iṣẹ́ ènìyàn méjì ni ẹnìkan ń ṣe.

Oògùn tí ń pa ara lẹ́nu mọ́

Ìrora ni ẹnu tí ara fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń gbé oògùn mì kí wọ́n má baà gbọ́ ọ. Wọ́n ń lo tramadol kí wọ́n lè ru ẹrù sí i. Tramadol kò fi agbára kún ara. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń bo ìrora mọ́lẹ̀, tí ẹ óò fi ṣiṣẹ́ kọjá ibi tí ó yẹ kí ẹ ti dúró. Bí ó bá pọ̀, ó lè fa gìrì, ó sì lè dá èémí dúró. Ẹni tí ó bá ti mọ́ lára kì í lè fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹ má ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ń pòókiri. Kútọnu mọ ìyà ọ̀rọ̀ yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ké sí gbogbo ayé ní oṣù kẹwàá ọdún 2009 pé kí wọ́n gbógun ti ayédèrú oògùn. Nígbà kan, apá kan wà ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu tí wọ́n ń pè ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń ta oògùn láìgbàṣẹ. Ní ọdún 2017, ìjọba ilẹ̀ Benin kó oògùn púpọ̀ níbẹ̀.

Bí ìtọ̀ bá dúdú

Ewu kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, pàápàá nínú oòrùn láìmu omi, fọ́nrán iṣan lè já, kí ó sì tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí rẹ̀ yóò lọ dí kíndìnrín. Ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ ni èyí ń ṣe jù: ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé èbúté, tàbí àgbẹ̀ tí ó sinmi ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó wá fẹ́ kọ ọgọ́rùn-ún ebè ní ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀.

Àmì rẹ̀ nìyí:

1. Iṣan wú, ó le, ó sì ń dunni ju bó ti yẹ lọ.
2. Apá tàbí ẹsẹ̀ kò lágbára mọ́.
3. Ìtọ̀ pọ́n tàbí ó dúdú bí omi kọfí.

Bí ìtọ̀ bá dúdú, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Wọn yóò fa omi sí yín lára kí kíndìnrín má baà bàjẹ́. Ẹ má lo ibuprofen, nítorí ó lè pa kíndìnrín lára sí i.

Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn ẹlẹ́jẹ̀ SS, kò gbọdọ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹlẹ́jẹ̀ AS lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó máa sinmi dáadáa, kí ó sì máa mu omi, nítorí ewu yìí pọ̀ sí i díẹ̀ fún un.

Ohun tí ẹ lè ṣe

- Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ṣe ìdajì ohun tí ẹ rò pé ẹ lè ṣe.
- Ẹ dúró nígbà tí agbára ẹrù méjì tàbí mẹ́ta ṣì kù lára yín. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń gbọ̀n, ẹ sọ ẹrù.
- Ẹ pín àpò ńlá sí méjì, tàbí kí ẹ lo ọmọlanke.
- Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù nílẹ̀, ẹ ká orúnkún, kí ẹ fi ẹrù mọ́ ara. Ẹ má yí ìbàdí padà bí ẹrù bá wà lọ́wọ́.
- Aboyún kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo.
- Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Bí òógùn bá pọ̀, ẹ po omi mímọ́ lítà kan pẹ̀lú ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀.
- Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹ̀pà tàbí wàgàṣì. Oúnjẹ wọ̀nyí ni ara fi ń tún iṣan ṣe.
- Ẹ sinmi iṣẹ́ tí ó le fún ọjọ́ kan ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀.

Owó tí a rí lórí ẹrù ọjọ́ kan kì í tó san owó ilé ìwòsàn ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí iṣan bá sọ pé ó tó, ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ó jẹ́ kí iṣan dà bí ẹgbẹ́ àáró?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín agbérin àti alábàárù nígbà tí apá bá kọ̀?
3. Kí ni ẹ óò ṣe bí ìtọ̀ ẹnìkan bá dúdú lẹ́yìn iṣẹ́?
4. Báwo ni ẹgbẹ́ yín ṣe lè dín ìwúwo àpò kù ní abúlé yín?